Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ta Ló Fẹ́ Sáré Gan-an?

 Sáà kejì ti wọlé, sáà kejì sì ni sáà ariwo. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà, bóyá ni èèyàn fi lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé kọjá lọ́sàn-án láì gbọ́ fèrè tíṣà. Wọ́n ti ń fa ìlà funfun sórí pápá. Àwọn ọmọ ilé pupa, ilé búlúù, ilé yẹ́lò àti ilé gíríìnì kò fẹ́ bá ara wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́, nítorí íńtà-háùsì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó máa ń ṣáájú íńtà-háùsì, ọjọ́ tí wọ́n ń yan àwọn tó máa sáré, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní híìtì. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ìwà tí ẹ̀yin òbí ń hù lọ́jọ́ náà kò dùn mọ́ mi nínú.

Mo ń rí yín. Àgbàlagbà tó bá jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀, tí ìsọ̀ náà dojú kọ pápá ilé-ìwé, kò sí ohun tí kò ní rí. Mo ń rí ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láago mọ́kànlá àárọ̀, tí ẹ wá dúró sẹ́yìn wáyà, tí ẹ fi ìka kọ́ ojú wáyà náà. Ẹnìkan ń ka Sáàmù sínú, ẹnìkan ń fa tẹ̀sùbáà, ẹnìkan ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé wọn ò tíì kan ọmọ àwọn. Bàbá tó yẹ kó wà lọ́jà ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ìyá ọmọ kan ní àdúgbò wa wá bá mi ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ máa mọ́ sí híìtì ọmọ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, àyà mi ń já. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Mo bi í pé ọmọ ńkọ́? Ó ní ọmọ ti jẹ ẹ̀bà tán, ó ti sùn, ó tiẹ̀ ń hanrun. Mo wò ó títí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fẹ́ sáré gan-an, ìwọ ni àbí ọmọ?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ̀rù tó máa ń wà lórí pápá lọ́jọ́ híìtì, ti òbí ló pọ̀ jù. Ọmọ ní tirẹ̀ o, mi ò sọ pé kò ní. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa làágùn, á máa sáré lọ tọ̀ lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ọsibítù. Ara tó fẹ́ sáré ló ń múra. Bí fèrè bá ti dún tí ẹsẹ̀ sì ti gbéra nílẹ̀, ẹ̀rù yẹn á bá ẹsẹ̀ lọ, á di agbára. Èyí tí kì í di agbára ni ẹ̀rù tí ẹ̀yin gbé lé e lórí. Ọmọdé mọ ojú ìyá rẹ̀ í kà ju ìwé lọ. Kó tó dé ìdí ìlà, ó ti wo ọ̀dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti mọ̀ bóyá eré ni wọ́n ní kó wá ṣe tàbí ó wá jẹ́jọ́.

Láyé ìgbà tiwa, ta ní ń wá wo híìtì? Nígbà náà, Ife Grier ni àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé girama ń lé nínú ìdíje eré sísá, àwọn ọmọbìnrin ní ti Lady Manuwa. Ọmọ tí wọ́n bá mú láti lọ ṣojú ilé-ìwé, orúkọ rẹ̀ á wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, òbí mìíràn ò ní mọ̀ pé ọmọ òun tiẹ̀ ń sáré, àfi ọjọ́ tí ọmọ bá gbé abọ́ tánganran wọlé pé òun gba ẹ̀bùn. Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ayé ìgbà náà dára ju tòní lọ. Àwọn òbí wà nígbà náà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọbìnrin wọn wọ ṣòkòtò pénpé sáré níwájú ọkùnrin, ẹgba ni. Wọ́n á ní eré sísá á sọ ọ́ di ọkùnrin, wọ́n á ní kò ní rí ọkọ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó yá ni wọ́n fi ẹgba dá dúró sídìí ààrò. Ìyẹn burú, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin sàn jù wọ́n lọ. Ẹ ra kánfáàsì, ẹ san owó aṣọ ilé, ẹ sì wá síbẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ dé ibi tí kò fi jẹ́ kí ọmọ mí, ìfẹ́ yẹn ti fẹ́ di ìnira.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ ti ń kọ́kọ́ ṣe é. Ìyá kan jí láago mẹ́rin ìdájí, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó din dòdò, ó fi ẹyin méjì lé e, ó ní kí ọmọ jẹ gbogbo rẹ̀ tán kó lè lágbára. Ọmọ jẹ ẹ́, torí ọmọ tó gbọ́ràn ni. Nígbà tó sáré dé àárín ọ̀nà, ó dúró, ó bì. Oúnjẹ tó wúwo máa ń pẹ́ nínú kó tó dà. Bí èèyàn bá sì ń sáré, ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ bá, ikùn á dá wà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Búrẹ́dì díẹ̀, ògì, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó jẹ ẹ́ ní bíi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kó tó sáré, ó tó. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ fún un lóúnjẹ gidi, kó sì tètè sùn. Glúkóòsì tí gbogbo yín ń rà yẹn, ṣúgà ni. Ẹ̀yin ẹ máa ń da á sí ọmọ lẹ́nu ní gbígbẹ, òùngbẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó kàn án. Omi ni kí ẹ máa rán ọmọ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọyẹ́ ń fa omi ara èèyàn láì jẹ́ kó mọ̀, oòrùn ọ̀sán á sì gba èyí tó kù.

Kánfáàsì tuntun náà ńkọ́? Ẹ má fún un ní àárọ̀ ọjọ́ híìtì. Bàtà tí ẹsẹ̀ ò tíì mọ̀ á bó gìgísẹ̀ ọmọ. Kó ti wọ̀ ọ́ ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú.

Mo fẹ́ sọ ti bàbá kan fún yín. Eré mítà 400 ni wọ́n fẹ́ fi yan àwọn ọmọ. Tíṣà to àwọn ọmọ sí orí pápá, ọmọ bàbá yìí wà ní léènì kìíní, lọ́dọ̀ inú pátápátá. Bàbá wò ó, ó rí i pé ọmọ léènì kejì wà níwájú ọmọ òun, ti ẹ̀kẹta wà níwájú ti ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ ní jíjìn-jíjìn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fo okùn wọlé, ó ní wọ́n ti ta ọmọ òun, wọ́n ti fi í sẹ́yìn kí fèrè tó dún, ẹni tó rí iṣẹ́ ibi tí kò bá sọ̀rọ̀ ó fọwọ́ sí i ni. Tíṣà ń bẹ̀ ẹ́, hẹ́dímáàsì ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, pápá eré rí roboto. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ inú, òun ni yíyí rẹ̀ kúrú jù. Bí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan náà tí oníkálukú sì dúró nínú léènì tirẹ̀, ẹni tó wà ní léènì kejì á fi bíi mítà 7 sáré ju ti léènì kìíní lọ kó tó parí, ti léènì kẹta á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì wọ́n síwájú, kí gbogbo wọn lè sáré iye kan náà. Kò sẹ́ni tó yan ọmọ rẹ̀ jẹ. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ sórí ìlà, ó gbé orí sílẹ̀, kò gbé e sókè títí wọ́n fi mú bàbá rẹ̀ jáde. Nígbà tí fèrè wá dún, ó sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Bàbá rẹ̀ sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n yàn án jẹ. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ mọ ẹni tó mú ẹsẹ̀ ọmọ náà wúwo.

Àwọn ìyá náà ò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń yan àwọn tó máa sáré rílèè, ẹ máa ń sáré tẹ̀lé ọmọ lẹ́bàá pápá, gèlè lọ́wọ́, ẹ̀ ń kígbe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá ní rílèè kúkúrú kì í wẹ̀yìn. Ó ti gbéra kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn ni, ó gbẹ́kẹ̀ lé e pé wọ́n á fi ọ̀pá lé òun lọ́wọ́. Kódà nínú ìdíje àwọn àgbà, mítà 30 péré ni wọ́n ní láti fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ ti jáde nìyẹn. Ọmọ tó wà nínú irú nǹkan báyìí ò gbọ́dọ̀ máa wá ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó yíjú sí ohùn ìyá rẹ̀, ọ̀pá sì bọ́. Ìyá ló kọ́kọ́ sunkún.

Ẹ jókòó kí n sọ ti ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fún yín, Tobi Amusan. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé bàbá òun kò fẹ́ eré sísá rárá nígbà tí òun wà ní kékeré, ìwé ló ní kí òun gbájú mọ́, ìyá òun ló ń fọgbọ́n bá òun bò ó. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà. Eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi 10 lójú ọ̀nà ló ń sá. Ní 2019, ó dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Doha, ó ṣe ipò kẹrin. Òlíḿpíìkì Tokyo tí wọ́n sún sí 2021, ó tún dé àṣekágbá, ó tún ṣe ipò kẹrin. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni kẹrin kì í gun orí àga ẹ̀yẹ, wọn kì í fi nǹkan kan kọ́ ọ lọ́rùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Kò sí obìnrin tó sá a bẹ́ẹ̀ rí láyé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó padà wá sá àṣekágbá ní 12.06, ó gba góòlù. Wọn ò ka 12.06 yẹn mọ́ àkọsílẹ̀ torí pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn ju ìwọ̀n tí òfin fi àyè gbà lọ, ṣùgbọ́n góòlù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, kò tiẹ̀ dé àṣekágbá. Ní 2025, ó padà sí Tokyo níbi ìdíje àgbáyé, ó gba fàdákà. Ẹni tó sá eré yẹn yára ju gbogbo obìnrin tó ṣáájú rẹ̀ lọ nìyẹn, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó tún ń wọlé. Ẹ̀yin wá ń sọ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá pé híìtì ọjọ́ Tuesday kan ni ayé rẹ̀ máa dúró lé. Níbo lẹ ti rí ìyẹn?

Ara àwọn ọmọ pàápàá kì í dàgbà pọ̀. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ọmọ ọdún méjìlá lórí àga kan náà. Àwọn ọmọbìnrin máa ń tètè gbọnra jìgì, àwọn ọmọkùnrin á tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Èyí tó ń gbẹ́yìn ní JSS1 nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ jẹ́ kó dé SS1, ẹ lè má dá a mọ̀ mọ́. Èyí tó ń ṣáájú nísinsìnyí nítorí ó tètè ga, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè lé e bá. Tíṣà tó ń yan ọmọ ń yan ẹni tó yára lọ́sẹ̀ yìí ni, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sáré. Kò yan ẹni tó máa yára lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Kò rí i, ẹ̀yin náà ò sì rí i.

Ọ̀rọ̀ òróró àdúrà ńkọ́? Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín. Ẹ fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ bó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ yín, ẹ wúre fún un kó tó jáde, bí àwọn bàbá wa ti ń wúre fún wa nìyẹn. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni èyí tí ẹ máa ń fi kún un: "Má jẹ́ kí ọmọ ilé búlúù fọwọ́ kàn ẹ́ lẹ́sẹ̀ o." Àná ni òun àti ọmọ ilé búlúù yẹn jọ pín gúgúrú jẹ. Ẹ ti fi ọ̀tá sí léènì kejì fún un báyìí, á máa sáré, á máa wẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń wẹ̀gbẹ́ kì í yára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún tíṣà ní nǹkan nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fa létí jù. Ẹ rò pé àwọn ọmọ ò mọ̀? Wọ́n mọ̀ kí ẹ tó délé. Ọmọ kan wà tí bàbá rẹ̀ sanwó kí wọ́n tó mú un sínú rílèè, "Sanwó-Wọlé" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é títí ó fi jáde nílé-ìwé yẹn. Ẹ sì rántí pé ọmọ kan wà tí wọ́n yọ kí tiyín lè wọlé. Ìyá kan ló bí ìyẹn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ọjọ́ orí ọmọ kúrú kó lè bá àwọn tó kéré sí i sáré, ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní olè jíjà lójú gbogbo ayé ni, kò sì sí orúkọ míràn tí mo fẹ́ pè é.

Wàyí o, wọn ò mú ọmọ yín. Ó ń bọ̀ wálé, ẹ rí i lọ́ọ̀ọ́kán, báàgì ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ má bi í pé ipò kelòó ló ṣe. Ẹ má ní ọmọ ìyá elépo ńkọ́, ṣé wọ́n mú òun. Ẹ má sì sọ pé tíṣà kò fẹ́ràn rẹ̀, torí bí ẹ bá fi ìyẹn sí i lọ́kàn, kò ní gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu tíṣà yẹn mọ́, títí kan ìṣirò. Ẹ ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ o. Omi wà níbẹ̀, lọ wẹ̀, oúnjẹ ti jinná." Tó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún tán. Nígbà tó bá jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, bí ẹnu yín bá lè dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè bi í bóyá ó fẹ́ gbìyànjú nǹkan míì. Fífò sókè wà, jíju ọ̀kọ̀ wà, fífa okùn wà, máàṣì pásì wà, wọ́n sì tún nílò ọmọ tó máa lu ìlù fún àwọn tó ń yan. Bó bá ní òun ò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn eré, kí òun sì fẹ́ràn àwòrán yíyà.

Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rù kò ní ṣàì bà yín, torí ìyá ni yín, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó yẹ kó wà hàn yín. Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tó ní ikọ́ fée, ẹ sì ń fi pamọ́ fún tíṣà kí wọ́n má bàa yọ ọ́. Àwọn kan ní ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti sọ. Eruku àti ọyẹ́ lè dí èémí mọ́ oníkọ́ fée láyà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àárẹ̀ àṣejù àti àìmumi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ SS, débi tó fi máa di ọsibítù. Ọmọ náà ò ní sọ, torí ó fẹ́ dà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tíṣà ò sì lè mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ lọ bá dókítà rẹ̀, ẹ bi í bí eré tí ọmọ lè ṣe ti pọ̀ tó, bó bá jẹ́ oníkọ́ fée, ẹ fi oògùn tó ń fi ẹnu fà sínú sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, kì í ṣe sínú báàgì tó wà ní kíláàsì. Kí ẹ sì kọ ìwé sí tíṣà eré àti nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Ẹ má dúró di àárọ̀ híìtì. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn.